Èdè Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Ọlọ́sìn Ẹyẹlé

Ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jámánì, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan, ìyá náà sì tẹ aago pàjáwìrì. Ó rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó dìde, nọ́ọ̀sì méjì ti sáré wọlé. Ọ̀kan gbá mi lápá mú, èkejì ń wo ojú mi bóyá òòyì ń kọ́ mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé mò ń kí wọn ni, pé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, pé èèyàn kì í dúró gbọn-in níwájú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo lè sọ láìṣì ní èdè wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣeun" lọ. Mo sọ méjèèjì. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan sọ nǹkan, èkejì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jáde.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀ tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ ń wọ́n mi. Èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn mọ̀lẹ́bí tó bá ń pariwo ní wọ́ọ̀dù. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi mú kí ọkàn bàbá tó ń bínú balẹ̀, mo mọ èyí tí mo lè fi pa ìyá tó ń sunkún lẹ́rìn-ín. Ní Jámánì, wọ́n ní kí n ṣì máa ṣe olùrànlọ́wọ́ ná ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó: kí n máa wẹ̀ wọ́n, kí n máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, kí n máa fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Ìgbà tí mo bá yege nínú ìdánwò èdè ni wọn á tó pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo lè ṣe ìdánwò náà. Bí mo bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò ní tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe mọ́, màá sì kẹ́rù mi padà sílé.

Ẹ má bi mí pé kí ló burú nínú kí èèyàn padà sílé. Bàbá mi ò fẹ́ kí n lọ, mo sì lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà lọ́wọ́ òfo?

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti kàwé, wọ́n sì kọ́lé sí Baṣọ̀run nígbà tí ibẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igbó. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sin ẹyẹlé ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi àti wọn la jọ ń tọ́jú wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo mọ ẹyẹ tó fẹ́ yé ẹyin kó tó yé e. Nígbà tí màmá wa kú, bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Tí o bá wà ní kíṣínì láàárọ̀, wàá máa gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bá ẹyẹ wí, wọ́n ń bi ẹyẹ ní ìbéèrè, wọ́n sì ń dúró gbọ́ èsì.

Ibẹ̀ náà ni mo lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ. Wọ́n ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ, wọn ò wẹ̀yìn.

"Ìwọ náà ń lọ," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Bàbá, mo máa padà wá."

Wọ́n tún bu ọkà, wọ́n dà á sílẹ̀. Fúnmi, àbúrò mi, ló bá mi gbé báàgì mi jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nílùú yẹn kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi, mo sì ti ra aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Èèyàn ogójì á wọ bọ́ọ̀sì kan láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tèmi máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí màá fi sọ̀ kalẹ̀ tán kó tó jáde. Ìgbà kan wà tí mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìsọ gbólóhùn tó gùn ju "ṣé ó ń dùn yín níbí?" lọ. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu ṣábẹ́ ní Ring Road! Mo wá di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò gbọ́, tó ń mi orí, tó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" níbi tó yẹ kó ti sọ "rárá". Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ rò pé bí mo ṣe rí nìyẹn, pé oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lágbárí ni mí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ Sunday, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni mo máa ń pe Fúnmi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé ló máa ń wà lọ́jọ́ Sunday.

"Bàbá ńkọ́?" ni màá béèrè.

"Wọ́n ń sùn."

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́?"

"Àǹtí mi, wọ́n ń sùn."

Màá sì máa gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀ kedere, tí wọ́n ń bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀. Fúnmi mọ̀ pé mò ń gbọ́. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. A óò yí ọ̀rọ̀ sí iná mànàmáná.

Mo kùnà nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ní kíláàsì èdè, wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi lórí òkè oníyìnyín àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí onílé nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bàjẹ́. Màá há a sórí, á sì jò dànù kí n tó délé, torí kò sẹ́ni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń jẹun ní àkókò ìsinmi mi nínú yàrá ìfọṣọ nígbà tí ẹyẹlé kan bà lé ojú fèrèsé. Akọ ni. Ó wú ọrùn, ó ń yí po bí ẹni ń jó. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fi Yorùbá kí i bí bàbá mi ṣe máa ń kí tiwọn. Nígbà tó fò lọ, mo mú fóònù mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ẹyẹlé ní Jámánì síbẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ "oúnjẹ" kún un. Bí mo ṣe já sí gbàgede kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, níbi tí àwọn ọlọ́sìn ẹyẹlé ti ń bá ara wọn jà nípa irú ọkà tó yẹ kí èèyàn fún ẹyẹ tó ń tọ́mọ.

Mo kà á títí ìsinmi fi parí. Kì í ṣe pé mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí n tó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan kọ ọ́ pé ìyá ẹyẹ òun ń ti ọmọ kúrò nínú ìtẹ́, mo ti mọ ohun tí ẹni tó kàn máa dáhùn, mo wá ń wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè tiwọn. Láti ọjọ́ náà, inú bọ́ọ̀sì, yàrá ìfọṣọ, orí ìlà ní ilé ìtajà, ibẹ̀ ni mo ń kà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá rí níbẹ̀ kì í jò dànù.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kà láìkọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun mìíràn tún ni pé gbogbo wọn ń pe ara wọn ní "ìwọ". Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gerda, opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti wa bọ́ọ̀sì ìlú rí, àwọn ọmọ ogún ọdún ń kọ̀wé sí i pé "Gerda, o ò mọ ohun tí ò ń sọ." Èmi kẹ̀? Kí n sọ "ìwọ" fún ẹni tó ju màmá mi lọ?

Mo ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo tún kùnà. Ní ti kíkà, mo ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ sísọ ni mo ṣubú sí. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan nípa ìdílé mi, mo bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò parí ìkankan. Ọ̀gá wa ní ilé ìtọ́jú pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀, ó ní àwọn fẹ́ràn mi, ó ní ṣùgbọ́n. Lẹ́yìn "ṣùgbọ́n" yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fúnmi pè mí lọ́jọ́ Wednesday. Èmi ni mo máa ń pè é, ọjọ́ Sunday nìkan.

"Àǹtí mi, àwọn ẹyẹ ń kú," ó ń sunkún. "Mọ́kànlá ti lọ. Bàbá ò jẹun láti àná. Wọ́n kàn jókòó sínú ilé ẹyẹlé, wọn ò dá mi lóhùn."

"Ṣé ẹ ti pe dókítà ẹran?"

"Ẹnì kan wá láti Mọ́kọ́lá. Ó ní ká pa gbogbo wọn, ká sun wọ́n. Bàbá lé e jáde. Wọ́n ní tí wọ́n bá máa sun ẹyẹ, kí wọ́n sun àwọn náà mọ́ ọn." Ó fa ikun símú. "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n ṣe ṣe nígbà tí Màmá kú ni wọ́n tún ń ṣe yìí."

Mo ní kí ó sọ bí ẹyẹ tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ṣe rí fún mi. Ó ní akọ funfun ńlá tí Bàbá fẹ́ràn jù ni: kò lè gbé oúnjẹ mì, ó ń tu ọkà jáde, ọ̀fun rẹ̀ wú, ó fẹ́ iyẹ́ ara sókè, ó jókòó sí igun.

Èmi tí mò ń tọ́jú èèyàn, mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹyẹ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú, mo ṣí gbàgede yẹn, mo sì kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò ráyè yẹ gírámà wò.

Èdè Jámánì a máa sọ ọ̀pọ̀ nǹkan di akọ tàbí abo. Abo ni wọ́n ka ẹyẹlé sí, bí ẹyẹ ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ akọ. Èmi rò ó pé akọ ni ẹyẹ bàbá mi, mo bá fi akọ sí iwájú ọ̀rọ̀ náà. Mi ò mọ̀ pé tí o bá ti fi akọ sí i, kì í ṣe ẹyẹlé mọ́. Adití ọkùnrin ló dà. Ohun tí mo kọ sójú gbogbo ayé ni pé: "Adití bàbá mi ò jẹun mọ́. Ó ń tu ọkà jáde. Ó jókòó sí igun, ó fẹ́ iyẹ́ ara rẹ̀. Àwọn adití mọ́kànlá ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn fi ẹ̀rín sí i. Ẹnì kejì ní kí n pe ọlọ́pàá. Ẹnì kẹta béèrè irú èèyàn tó ń jẹ́ èmi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ pa á rẹ́. Mo ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ nígbà tí èsì Gerda wọlé.

"Ẹ pa ẹnu yín dé," ló kọ sí àwọn tó kù. "Ẹyẹlé ló ń sọ. Èèyàn ò ní iyẹ́. Ìwọ, kí ni orúkọ rẹ? La ẹnu ẹyẹ náà, kí o wo inú ọ̀fun rẹ̀. Ṣé nǹkan yẹ́lò kan wà níbẹ̀ bí wàràkàṣì?"

Mo dá a lóhùn pé ẹyẹ náà ò sí lọ́dọ̀ mi, pé Nàìjíríà ló wà, ní ilé bàbá mi. Ó wá fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. "Pè wọ́n lórí fídíò," ló kọ. "Kí o fi mí sí i."

Mi ò tíì bá ará Jámánì kankan sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Tí fóònù ibi iṣẹ́ bá dún, mo máa ń sá lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

Àwa mẹ́ta wà lójú fóònù kékeré yẹn: Gerda nínú ilé ẹyẹlé tirẹ̀, ó wọ fìlà onírun, sìgá ń bẹ ní ẹnu rẹ̀, èmi lórí àtẹ̀gùn, Fúnmi ní Baṣọ̀run, ó di akọ funfun mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni di bọ́ọ̀lù mú. Ẹyẹ ń jà, ó ń ta iyẹ́ dànù.

"Sọ fún un pé kó má fún un pa," ni Gerda pariwo.

Mo sọ ọ́. Fúnmi ní, "Àǹtí mi, kò gbà fún mi!" Ó ti fẹ́ sunkún.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀. "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn. Gbé e wá." Ọwọ́ bàbá mi wọ inú àwòrán, ó gba ẹyẹ náà, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sí àárín ìka méjì, ẹyẹ sì dákẹ́. Fúnmi gbé fóònù sókè díẹ̀, mo rí ojú wọn. Wọ́n ti rù. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti rí ojú yẹn kẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà," ni mo wí.

Ẹyẹ ni wọ́n ń wò.

"Ta ni bàbá yẹn?" ni Gerda béèrè. "Ó mọ ẹyẹ mú. Sọ fún un kó la ẹnu rẹ̀, kó gbé e sí ìmọ́lẹ̀."

Gerda ń sọ "ìwọ", èmi ń sọ ọ́ di "ẹ". "Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní kí ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀." Bàbá mi la àgógó rẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Yẹ́lò ni gbogbo inú ọ̀fun rẹ̀, ó dì bíi wàrà.

"Bí mo ṣe rò ó ló rí," ni Gerda wí. Ó ní omi tí gbogbo wọn jọ ń mu ló ń ràn án. Ó dárúkọ oògùn tó ń wò ó, mo sì pariwo, torí oògùn yẹn la máa ń fún àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu ní wọ́ọ̀dù. Kò sí kẹ́míìsì tí kò tà á láti Mọ́kọ́lá dé Akobo. Ó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ẹyẹ kan. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Bàbá mi béèrè bóyá kí wọ́n kó àwọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ sọ́tọ̀. Mo sọ ọ́ ní Jámánì. Gerda ní ìbéèrè ọlọgbọ́n nìyẹn. Báyìí ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú, n kò sì mọ ìgbà tí mo dẹ́kun àtirò ó kí n tó sọ ọ́.

Nígbà tó ń parí lọ, bàbá mi gbé ojú sókè wo fóònù náà.

"Sọ fún ìyá yẹn pé mo dúpẹ́," ni wọ́n wí.

Mo sọ ọ́.

Wọ́n fi àtàńpàkò ra orí ẹyẹ náà. "Sọ fún un pé ọmọ mi ni ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa yìí. Àkọ́bí mi. Sọ fún un pé òun la jọ ń tọ́jú àwọn ẹyẹ yìí kó tó lọ."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ Jámánì wà níbẹ̀ pátá, ó pé, kò sí èyí tí mo ń wá. Ohùn ni kò sí. Gerda ń dúró. Ó bọ́ sìgá lẹ́nu. "Kí ló sọ?" ló béèrè. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ọmọ òun ni mí," ni mo dáhùn.

Ẹyẹ mẹ́sàn-án ló yè nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Akọ funfun kú lọ́jọ́ kejì. Fúnmi ní Bàbá fúnra wọn ló sin ín, wọ́n wá wọlé, wọ́n sì jẹ ẹ̀kọ.

Láti ìgbà náà, Gerda ń pè mí ní ọjọ́ méjì méjì. Kì í kọ́ mi ní èdè. Ẹyẹ la máa ń sọ, òun á bú àwọn ará gbàgede yẹn, èmi náà á bú wọn. Ní ọjọ́ kan mo sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́, mo sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún. Ọdún méjì tí mo ti wà nílùú yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pa ẹnìkan lẹ́rìn-ín mọ̀ọ́mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí èèyàn bá ń gbé níbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi í ni ibi tó ti wá àti ìgbà tó máa padà. Ní gbàgede yẹn, iye ẹyẹ tí mo ní ni wọ́n bi mí. Mo ní mẹ́sàn-án, pé lọ́dọ̀ bàbá mi ni wọ́n wà. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé mo di ará Jámánì nípa bẹ́ẹ̀. Mo kàn rí ibì kan tí mo lè ti la ẹnu láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, yàrá mi ṣì dákẹ́, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi sì ṣì ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi mú wa dúró. Mo ti di àpótí mi ní ìdajì kí ojú má bàa tì mí nígbà tí wọ́n bá lé mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni èsì dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo pe Fúnmi lójú ẹsẹ̀, fóònù dún títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé kí ẹnìkan tó gbé e.

"Ta nìyẹn?" Bàbá mi ni. "Fúnmi ti lọ sí Agbowó. Ó gbàgbé fóònù sílé."

"Èmi ni, sà." Wọ́n lè gé e. Wọn ò gé e. "Bàbá, mo yege."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"O ṣeun," ni wọ́n wí. "O ṣeun, ọmọ mi." Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé o ò ní padà wá nìyẹn."

Mo wá ọ̀rọ̀. Mo wá a ní Yorùbá, mo wá a ní Jámánì. Mo fẹ́ sọ pé mo máa wá lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ sọ pé kò pẹ́ mọ́, gbogbo ohun tí àwa tó wà lókè òkun máa ń sọ. Kò wá sẹ́nu mi.

"Mi ò mọ̀, sà," ni mo dáhùn.

Mò ń gbọ́ àwọn ẹyẹ lẹ́yìn wọn.

"Ó dáa," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Tó bá di ọjọ́ Sunday, èmi ni kí o pè. Má pe Fúnmi. Èmi."

"Bàbá, ẹ ò ní fóònù."

"Màá ra ọ̀kan," ni wọ́n wí.